Ẹja Tí Í Padà Sí Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Sámọ́nì àti Tráòtì ní Àwọn Odò Òkè Scotland

Kò sí ìgbà kan tí a kì í gbọ́ nínú ìròyìn ẹbí pé ìyá kan tàbí bàbá kan ti lọ sí Ìlú Ọba láti lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá kì í ṣe aláìníṣẹ́ níbẹ̀: ọmọ tuntun ń bẹ láti wẹ̀, abiyamọ ń bẹ láti tọ́jú. Bàbá ni ó máa ń jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, tí yóò máa wo òjò. Nítorí irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, àti nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kàwé ní Aberdeen, Dundee, Glasgow àti Edinburgh, ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa àwọn odò òkè Scotland, àti nípa ẹja méjì tí ó sọ wọ́n di olókìkí: sámọ́nì àti tráòtì.

Ohun méjì ni yóò ya ará wa lẹ́nu bí ó bá dé ibẹ̀. Èkíní ni pé odò ní olówó. Èkejì ni pé ẹja tí wọ́n bá mú, wọn a tún dá a padà sínú omi. Èyí èkíní yé wa, nítorí pé ní ilé pàápàá, kì í ṣe gbogbo ẹni ni ó lè da àwọ̀n sínú gbogbo odò. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ná owó, kí ó dúró nínú omi tútù láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kí ó mú ẹja tí ó gùn bí apá, kí ó sì wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ? Ṣé orí onítọ̀hún pé? A fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

ÌRÌN-ÀJÒ SÁMỌ́NÌ

Orí òkè ni a ti ń bí sámọ́nì, nínú odò kékeré tí omi rẹ̀ tutù, tí ó mọ́ gaara, tí ó sì ń ṣàn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí ọdún bá ń lọ sí òpin, abo ẹja yóò fi ìrù gbẹ́ ihò sínú òkúta wẹ́wẹ́ náà, yóò yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀, yóò sì tún fi òkúta bò wọ́n. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò pa. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn ń lò nínú odò tí a bí wọn sí, tí wọn yóò máa jẹ kòkòrò.

Lẹ́yìn èyí ni ara ọmọ ẹja yóò yí padà. Awọ rẹ̀ yóò máa dán bí fàdákà, inú rẹ̀ yóò sì múra sílẹ̀ fún iyọ̀ òkun. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, yóò bá omi lọ sí ìsàlẹ̀, yóò sì bọ́ sínú òkun ńlá. Nígbà náà, gígùn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Yóò lọ jìnnà dé àwọn òkun tí ó wà lẹ́bàá erékùṣù Faroe àti ilẹ̀ Greenland, níbi tí oúnjẹ gbé pọ̀. Òmíràn yóò lo ọdún kan níbẹ̀, òmíràn yóò lo méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò sì sanra.

Ẹ wá gbọ́ ohun ìyanu. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti yé ẹyin, sámọ́nì kì í wọ odò tí ó bá ṣáà ti rí. Yóò kọjá lẹ́nu odò yìí, yóò kọjá lẹ́nu odò tọ̀hún, títí yóò fi dé ẹnu odò tí a bí i sí. Àwọn onímọ̀ sọ pé òórùn omi ni ó fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí pé odò kọ̀ọ̀kan ní òórùn tirẹ̀, ọmọ ẹja sì ti kọ́ ọ kí ó tó kúrò nílé. Láti ọjọ́ tí ó bá ti wọ odò, kò ní jẹun mọ́ títí yóò fi yé ẹyin. Ọ̀rá tí ó kó bọ̀ láti òkun ni yóò máa lò. Yóò fo òkúta, yóò fo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi, yóò sì gun òkè padà sí ibi òkúta wẹ́wẹ́ ọjọ́sí. Púpọ̀ nínú wọn a kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé ẹyin tán. Díẹ̀ ni ó ń rí òkun lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, ẹja pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tráòtì jẹ́ ìbátan sámọ́nì. Èyí tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ní àmì tótòtó lára, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí igi. Púpọ̀ nínú wọn kì í kúrò ní odò ilé láti ìgbà ìbí títí di ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú irú kan náà a máa lọ sí òkun, wọn a sì padà bọ̀ pẹ̀lú ara títóbi àti àwọ̀ fàdákà. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa: ẹ̀gbọ́n jókòó ti oko bàbá, àbúrò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè Ọya.

ÀWỌN ODÒ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ MỌ̀

Odò Tweed wà ní gúúsù Scotland, òun ni ó sì ṣe ààlà pẹ̀lú England ní apá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 156. Ó kọjá ní ìlú Peebles, Melrose àti Kelso. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni a lè dẹ sámọ́nì níbẹ̀, ìparí ọdún ni ó sì dára jù. Iye tí wọ́n ń gbà fún ọjọ́ kan ní àwọn ibi olókìkí lẹ́bàá Kelso lè mú ẹnu ya òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù, nítorí pé ìwé àṣẹ láti dẹ tráòtì, tí àwọn ẹgbẹ́ apẹja ìlú ń tà, kò wọ́n rárá ní ẹ̀gbẹ́ ti sámọ́nì.

Odò Tay ni ó gùn jù ní Scotland, ó tó kìlómítà 190, kò sì sí odò mìíràn ní Ìlú Ọba tí ó ń da omi tó o sínú òkun. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣí i fún àwọn apẹja, wọn a sì máa da ọtí wisikí lé ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Kenmore láti fi súre fún ọdún náà. Ẹni tí ó bá rò pé àwa nìkan ni à ń ta ọtí sílẹ̀, kí ó lọ wò ó. Nínú odò Tay yìí ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Georgina Ballantine, nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀, ti fi ìwọ̀ mú sámọ́nì kan ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 1922. Ó bá ẹja náà jà fún bí wákàtí méjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwọ̀n ẹja náà jẹ́ kìlò 29. Títí di òní, òun ni sámọ́nì tí ó tóbi jù nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí a fi ìwọ̀ mú ní Ìlú Ọba. Ilé ìwòsàn ìlú Perth ni wọ́n fún ní ẹja náà, àwọn aláìsàn ni wọ́n sì jẹ ẹ́.

Odò Spey ń sáré gidigidi. Ẹ̀bá rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ìpọntí wisikí wà. Nítorí pé igi àti bèbè gíga kì í jẹ́ kí apẹja rí àyè ju okùn sí ẹ̀yìn, àwọn ará ibẹ̀ dá ọgbọ́n kan láti máa ju okùn láì jẹ́ kí ó kọjá sẹ́yìn wọn, gbogbo ayé sì ń fi orúkọ odò náà pe ọgbọ́n yìí. Ní ìlú Grantown-on-Spey, ẹgbẹ́ apẹja ibẹ̀ máa ń ta ìwé àṣẹ fún àlejò, kì í ṣe fún ọlọ́lá nìkan.

Odò Dee ni a fẹ́ kí àwọn ará Jos fi ọkàn sí. Orísun rẹ̀ lórí òkè Cairngorm ga tó mítà 1,200 ju òkun lọ, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gíga ìlú Jos dọ́gba. Ó kọjá ní ìlú Braemar àti Ballater, ó kọjá ní ààfin Balmoral, ó sì wọ òkun ní Aberdeen. Nítorí náà, ọmọ wa tí ó bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Aberdeen lè wọ bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀, kí ó sì ti dé ẹ̀bá odò kí oòrùn tó ga.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mú ìwọ̀ lọ́wọ́ rárá lè lọ wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí afárá Feugh lẹ́bàá ìlú Banchory, àti ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Shin ní apá àríwá, ẹ ó rí sámọ́nì tí wọn ń fò lu omi tí ń já bọ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni kí ẹ lọ, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Ìlú Pitlochry ni ó ya àwa lẹ́nu jù. Ìjọba fẹ́ fi omi ṣe iná mànàmáná, wọ́n sì dí odò Tummel tí í ṣàn lọ bá Tay. Ọdún 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún 1951 ni wọ́n parí. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹja yóò ṣe gun ògiri? Wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn omi sí ẹ̀gbẹ́ ìdídò náà, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 310, ó sì ní adágún kéékèèké 34 tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹja yóò ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, yóò sinmi díẹ̀, yóò tún máa lọ, títí yóò fi dé òkè.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka apá yìí. Ní Scotland, ìjọba kì í ta ìwé àṣẹ fún ìwọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dẹ sámọ́nì láì ní ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ ibẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ilẹ̀: ènìyàn lè ni oko ní bèbè odò, kí ó má sì ni sámọ́nì inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí lè san owó ìtanràn, wọ́n sì lè gba ìwọ̀ àti ọ̀pá rẹ̀. Fún tráòtì pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ onílé. A kì í dẹ sámọ́nì ní ọjọ́ Àìkú, èyí tí yóò dùn mọ́ àwọn ará wa tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, a kì í dẹ tráòtì ilẹ̀ náà.

Ní England àti Wales, ìjọba ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọdún 13 gba ìwé àṣẹ kí ó tó ju ìwọ̀ sínú odò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí owó lórí ti àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bá olódò. Wales náà ní odò òkè tí ó dára, bí Wye, Usk àti Teifi, ṣùgbọ́n láti ọdún 2020, gbogbo sámọ́nì tí a bá mú níbẹ̀ ni a gbọdọ̀ dá padà.

Ní Scotland, láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ń ṣe ìdájọ́ odò kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, wọ́n sì ń pín wọn sí ipò mẹ́ta. Ní odò tí ó bá wà ní ipò kẹta, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbé sámọ́nì kankan lọ sílé. A kò sì gbọdọ̀ ta sámọ́nì tí a fi ìwọ̀ mú, bí ó ti wù kí ó rí.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń DÁ A PADÀ

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: ẹja náà ń tán lọ. Ní ọdún 2010, sámọ́nì tí àwọn apẹja fi ìwọ̀ mú ní gbogbo Scotland ju 100,000 lọ. Ní ọdún 2023, kò tó 33,000, èyí ni ó sì kéré jù láti ọdún 1952 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 kan náà, àwọn onímọ̀ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹranko àgbáyé kọ sámọ́nì Ìlú Ọba mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu píparun. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Òkun ń gbóná, oúnjẹ inú rẹ̀ ń yí padà, ìdídò àtijọ́ dí ọ̀nà, omi odò ń gbóná nítorí pé wọ́n ti gé igi bèbè, kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja sì ń pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti ń sin sámọ́nì nínú àwọ̀n lẹ́bàá òkun.

Nígbà tí ó rí bẹ́ẹ̀, abo ẹja kan tí ó ti Greenland bọ̀, tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀n, lọ́wọ́ ẹranko inú òkun àti lọ́wọ́ ebi, kì í ṣe ọbẹ̀ alẹ́ kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ni ó gbé sínú. Ẹni tí ó bá pa á ní ibùsọ̀ kan sí ilé rẹ̀, gbogbo àwọn tí ì bá tẹ̀lé e ni ó pa.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé àṣà òyìnbó lásán ni kí a má jẹ ẹja, ẹ rán an létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí àwọn bàbá wa kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja nínú igbó òrìṣà. Ẹ sì rán an létí Argungu níhìn-ín ní òkè Ọya, níbi tí ayẹyẹ ẹja pípa ti wà láti ọdún 1934. Wọn a ti odò pa títí di ọjọ́ ayẹyẹ, kí ẹja lè pọ̀ kí ó sì tóbi. Èèwọ̀ àwọn àgbà kì í ṣe òmùgọ̀.

Ìyá tí ó bá fẹ́ sámọ́nì fún ọbẹ̀ kò ní ìṣòro. Èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà jẹ́ èyí tí wọ́n sìn, owó rẹ̀ kò sì tó owó ọjọ́ kan lórí odò Tweed.

TRÁÒTÌ TÍ Ó DI ARÁ ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ

Àwọn ará wa tí wọ́n ní ìbátan ní Nairobi kò nílò láti lọ sí Ìlú Ọba. Ní ọdún 1905, wọ́n kó ẹyin tráòtì láti adágún Loch Leven ní Scotland wá sí òkè Aberdare ní Kenya. Ó gba ilẹ̀, ó bímọ, wọ́n sì tún mú un dé odò òkè Kenya. Títí di òní ni wọ́n ń dẹ ẹ́ níbẹ̀. Sámọ́nì kì í gbé irú ibẹ̀, nítorí pé òkun tútù ni ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tráòtì kò lè gbé inú odò ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ wa, nítorí pé bí omi bá gbóná tó ìwọ̀n 25 fún ìgbà pípẹ́, yóò kú.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ó BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tráòtì, nítorí pé owó rẹ̀ rọ̀, ó sì ń kọ́ni ní sùúrù. Ìyẹ́ àti òwú tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ bí eṣinṣin ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ekòló, ní ọ̀pọ̀ odò. Níbi sámọ́nì, ẹ gba ọkùnrin tí ó mọ odò náà, yóò fi ibi tí ẹsẹ̀ kò ní yọ̀ hàn yín. Ẹ wọ aṣọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, nítorí pé omi náà tutù ó sì lágbára. Ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, kantíkantí ibẹ̀ kò mọ àgbà: ẹ bo orí àti ọrùn yín. Bí ẹ bá mú ẹja tí ẹ óò dá padà, ẹ fi omi tutù bọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe gbé e kúrò nínú omi, ẹ kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹ sì dì í mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi fi agbára ara rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a fẹ́ bá àwọn òbí sọ. Àtẹ̀gùn Pitlochry kò fi tipátipá mú ẹja kankan lọ sí ilé. Ó kàn ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ni, ó sì pín òkè náà sí ìṣísẹ̀ kéékèèké. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìlú yìí, tí wọn kò tíì rí ilé bàbá wọn rí, irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́: èdè tí a bá wọn sọ ní ilé, oríkì tí a kọ́ wọn, ọdún kan tí a mú wọn lọ kí ìyá àgbà. Sámọ́nì mọ òórùn odò rẹ̀ nítorí pé ó ti kọ́ ọ kí ó tó jáde.

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé lẹ́bàá odò wọ̀nyí bá ní ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí, kí ó kọ̀wé sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ìròyìn ẹbí. Àwọn tí ń múra ìrìn-àjò, a kí yín pé àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sì sunwọ̀n.